Bí A Ṣe Ń Tọpa Ọ̀rọ̀ Dé Orírun Rẹ̀: Ẹ̀kọ́ Láti Inú Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà "Walk"

Níbi ìsọmọlórúkọ kan ní Ìjẹ̀bú-Òde, bàbá kan tí ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ ń ṣàlàyé fún àwọn ọ̀dọ́ tí ó yí i ká pé ìyá kan náà ni ó bí "walk" àti "work" nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ó ní ẹsẹ̀ ni àwọn ará ìgbàanì fi ń rìn lọ sí oko, oko sì ni iṣẹ́ wọn wà, nítorí náà ìrìn àti iṣẹ́ kò lè ṣàìjẹ́ ọmọ ìyá. Gbogbo àwọn tí ó wà níbẹ̀ gbà fún un, nítorí pé lẹ́nu wa níhìn-ín, "wọ́ọ̀kì" ni a ń pe méjèèjì. Ẹnu àgbà ni obì ti í gbó, èmi náà kò sì jẹ́ já bàbá náà ní koro níwájú àlejò, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lọ́kàn mi títí mo fi délé tí mo ṣí ìwé. Ohun tí mo rí níbẹ̀ dùn mọ́ mi ju ìtàn oko lọ, nítorí pé ọ̀dọ̀ àwọn aláṣọ ni "walk" gbé fún ọ̀pọ̀ ọdún, ilé aláṣọ sì ni wọ́n ti tọ́ èmi náà dàgbà. Mo kọ ìtọ́sọ́nà yìí kí ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́, ìbáà ṣe akẹ́kọ̀ọ́ ní Àgọ́-Ìwòyè tàbí olùkọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ṣàgámù, lè fúnra rẹ̀ tọpa ọ̀rọ̀ kan láti orí ohun tí ó ń túmọ̀ sí lónìí dé ibi tí ó ti ṣẹ̀ wá.

Ìwé àjákọ kan, bírò kan, àti atúmọ̀ èdè Gẹ̀ẹ́sì tí ó ń sọ orírun ọ̀rọ̀ ni gbogbo ohun tí a nílò. Kì í ṣe gbogbo atúmọ̀ èdè ni ó ń sọ ọ́. Àwọn kéékèèké tí àwọn ọmọ ilé-ìwé ń kó sínú báàgì sábà máa ń fò ó. Lórí íntánẹ́ẹ̀tì, Online Etymology Dictionary ṣeé kà lọ́fẹ̀ẹ́, ó sì tó bẹ̀rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni kí a mú lẹ́ẹ̀kan, kí a sì fún un ní ojú ìwé tirẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tí ọ̀rọ̀ náà ń ṣe lónìí

Àṣìṣe tí mo ń rí jù ni pé ènìyàn a sáré lọ wá orírun ọ̀rọ̀ tí kò tíì mọ ìtumọ̀ rẹ̀ dunjú. Bí a bá bi ọmọ kan léèrè ohun tí "walk" jẹ́, yóò ní "rìn" ni. Ìdáhùn náà kò burú, ṣùgbọ́n kò pé. Ní èdè tiwa, ènìyàn ń rìn, ọkọ̀ ń rìn, àdéhùn pàápàá lè rìn tàbí kí ó má rìn, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tí yóò sọ pé mọ́tò ń "walk". Ẹsẹ̀ ni "walk" mọ̀. Ìdí nìyí tí àwa fi ní láti ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́ nígbà mìíràn, tí a ó ní "ó fẹsẹ̀ rìn láti Ìpẹ́rù dé Ìkẹ́nnẹ́", kí ẹni tí ń gbọ́ wa má baà rò pé ọkọ̀ ni ẹni náà wọ̀.

Kì í sì í ṣe ẹsẹ̀ lásán. Bí a bá ń rìn, ẹsẹ̀ kan kò gbọdọ̀ kúrò nílẹ̀ kí èkejì tó kàn án. Bí méjèèjì bá wà lókè pọ̀, eré ni a ń sá, kò sì jẹ́ "walk" mọ́, ó ti di "run". Nínú ìdíje ìrìn kíákíá ní eré Olympics, àwọn adájọ́ máa ń dúró sí ẹ̀bá ọ̀nà láti ṣọ́ èyí gan-an, wọ́n sì máa ń jẹ ẹni tí ó bá ń fò kúrò nílẹ̀ níyà. Ẹ kọ irú ààlà báyìí sílẹ̀, nítorí pé òun ni yóò jẹ́ kí a mọ̀, bí a bá dé ayé àtijọ́, bóyá ọ̀rọ̀ náà ti gba ibòmíràn lọ.

Lẹ́yìn ààlà, ẹ kọ àwọn aládùúgbò ọ̀rọ̀ náà. Ọ̀nà tí mo fi ń kọ́ àwọn ọmọ ni pé kí wọ́n rántí Ojúde Ọba. Ní ọjọ́ kẹta Iléyá, bí regbéregbé kan, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn tí ọjọ́ orí wọn jọra, bá yọ sí gbàgede ní Ìjẹ̀bú-Òde, kò sí ẹni tí yóò sọ pé wọ́n kàn ń rìn. Wọ́n ń yan ni. Ẹsẹ̀ ọ̀tún á lọ, ọwọ́ á gbé etí agbádá padà sí èjìká, ẹsẹ̀ òsì á dúró díẹ̀ bí ẹni pé ó ń gbọ́ ohun tí ìlù wí, òun náà á wá tẹ̀ lé e. "Strut" ni Gẹ̀ẹ́sì yóò pe èyí, yóò pe ti ológun ní "march", yóò sì pe ti ẹni tí ó kàn ń gba atẹ́gùn lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́ ní "stroll". Láàrin gbogbo wọn, "walk" ni ó wà ní àárín, tí kò ní ẹ̀ṣọ́ kankan lára. A óò rí i láìpẹ́ pé kò fi ìgbà kan wà ní ipò yẹn ní ìbẹ̀rẹ̀.

Bí a ṣe ń ka ohun tí atúmọ̀ èdè kọ

Àlàyé orírun sábà máa ń wà nínú àkámọ́, lẹ́tà kéékèèké sì pọ̀ níbẹ̀ tí ó máa ń lé àwọn òǹkàwé sá. Wọn kò le. OE dúró fún Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, èyí tí wọ́n sọ títí di nǹkan bí ọdún 1150. ME ni Gẹ̀ẹ́sì agbedeméjì, láti ìgbà náà títí di nǹkan bí 1500. ON ni èdè àwọn ará Àríwá tí wọ́n fi ọkọ̀ ojú omi wá jagun ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, L sì ni Látìn. Bí a bá rí ìràwọ̀ kékeré níwájú ọ̀rọ̀ kan, ó túmọ̀ sí pé a kò rí ọ̀rọ̀ náà nínú ìwé kankan rí. Àwọn onímọ̀ ni wọ́n fi ojú àwọn ọmọ rẹ̀ mọ bí ìyá yóò ti rí. Ẹ má ṣe fi ìràwọ̀ yẹn ṣeré. Ohun tí a rí kà àti ohun tí a fòye gbé kò gbọdọ̀ gba ipò kan náà lójú ìwé wa.

Ohun tí ó ṣe iyebíye jù níbẹ̀ ni ọdún. Oxford English Dictionary, tí apá àkọ́kọ́ rẹ̀ jáde ní 1884 tí wọ́n kò sì parí rẹ̀ títí di 1928, gbé gbogbo agbára rẹ̀ lé èyí: pé kí a fi gbólóhùn inú ìwé gidi, pẹ̀lú ọdún tí wọ́n kọ ọ́, hàn bí a ti lo ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan láti ìgbà dé ìgbà. James Murray ni olóòtú tí orúkọ rẹ̀ mọ́ ọn jù, ó sì kú ní 1915 láì rí òpin iṣẹ́ náà. Àwọn òǹkàwé lásán láti ilé wọn ni wọ́n ń da gbólóhùn kọ sórí ègé ìwé ránṣẹ́ sí i.

Àwa Ìjẹ̀bú ní irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀, ó sì ń dùn mí pé àwọn ọ̀dọ́ wa kò mọ̀ ọ́n. Wọ́n jí ọmọ Ìjẹ̀bú kan tí ń jẹ́ Ọ̀ṣífẹ̀kúndé gbé lójú omi ní 1820, wọ́n tà á sí Bràsíìlì, nígbà tí ó sì ṣe, ó dé ìlú Paris, níbi tí ọ̀mọ̀wé ará Faransé kan, d'Avezac, ti jókòó tì í tí ó ń bi í léèrè nípa ìlú àti èdè rẹ̀. Ìwé tí ó ti ibẹ̀ jáde, ní 1845, ní àwọn ọ̀rọ̀ Ìjẹ̀bú nínú. Ẹ ronú sí i: ọkùnrin náà kò tíì fojú kan ilé láti 1820, nítorí náà ọ̀rọ̀ tí ó sọ jẹ́ ti Ìjẹ̀bú kí òyìnbó aláwọ̀ funfun tó dá ilé-ìwé kankan sílẹ̀ ní àdúgbò wa. Ọ̀rọ̀ tí ó ní ọjọ́ orí lórí báyìí, ó sàn ju ogún "wọ́n ní" lọ.

"L" tí a kò pè

Nígbà tí mo wá "walk", ohun tí ó kọ́kọ́ dá mi dúró ni "l" inú rẹ̀. A ń kọ ọ́, a kì í pè é. Irú lẹ́tà báyìí sábà máa ń jẹ́ ojú ẹsẹ̀ ẹni tí ó ti kọjá lọ, ó sì yẹ kí a tẹ̀ lé e. Nínú Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, "wealcan" ni ọ̀rọ̀ náà, wọ́n sì ń pe "l" rẹ̀ ketekete. William Caxton gbé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé wọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1476, ìwé títẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í so àkọtọ́ mọ́lẹ̀. Lẹ́nu àwọn ènìyàn, "l" náà ń kú lọ díẹ̀díẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ó ti kú nínú "talk" àti "chalk", ṣùgbọ́n ìwé kò jẹ́ kí ó lọ. Mo ní láti fi ìkìlọ̀ kan síbẹ̀ ná: kì í ṣe gbogbo lẹ́tà tí a kò pè ni ó jẹ́ ojú ẹsẹ̀ òtítọ́. "L" inú "could" kò sí níbẹ̀ láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Nítorí pé "would" àti "should" ní tiwọn ni àwọn akọ̀wé ṣe fi kún un. Ìdí nìyí tí a fi gbọ́dọ̀ rí ìrísí àtijọ́ náà kí a tó gba lẹ́tà gbọ́.

Kí ni "wealcan" wá túmọ̀ sí? Kì í ṣe rìn. Ó túmọ̀ sí kí nǹkan máa yí, kí ó máa bì síwá bì sẹ́yìn. Àwọn akéwì àtijọ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lo "gewealc" fún ìgbì òkun, bí omi ti ń yí gbirigbiri tí ó ń gbé ọkọ̀ sókè sódò. Fún ẹni tí ó bá fẹ́ sọ pé òun ń rìn lọ, "gān" ni ọ̀rọ̀ tí ó wà nílẹ̀ fún un nígbà náà, èyí tí ó di "go" lónìí.

Lẹ́yìn náà ni a bá ọ̀rọ̀ náà lọ́dọ̀ àwọn aláṣọ. "Wealcere" ni wọ́n ń pe oníṣẹ́ kan tí àwa kò ní irú rẹ̀, ó sì tọ́ kí n ṣàlàyé rẹ̀ dáadáa. Irun àgùntàn ni wọ́n fi ń hun aṣọ níbẹ̀. Bí aṣọ náà bá kúrò lórí òfì, ó máa ń rí hẹ́rẹ́hẹ́rẹ́, ọ̀rá ara àgùntàn á sì wà lára rẹ̀. Wọ́n á kó o sínú ọpọ́n ńlá, wọ́n á bu omi sí i, wọ́n á fi amọ̀ kan tí ń fa ọ̀rá àti ìtọ̀ tí ó ti kan pọ̀ mọ́ ọn, oníṣẹ́ náà á sì bọ́ bàtà, á kó sínú rẹ̀, á máa tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Irun náà á súnkì, á dì mọ́ra, á nípọn tó bẹ́ẹ̀ tí òtútù kò fi ní gba àárín òwú wọlé. Láti ìparí ọ̀rúndún 12 ni ẹ̀rọ tí omi ń yí ti bẹ̀rẹ̀ sí í gba iṣẹ́ yìí lọ́wọ́ ẹsẹ̀ ènìyàn, ṣùgbọ́n orúkọ iṣẹ́ náà kò parẹ́.

Ìyá mi àgbà hun aṣọ olónà ní Ìjẹ̀bú-Òde, lórí òfì tí ó dúró lóòró ti ògiri. Mo máa ń jókòó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ nígbà tí ó bá ń fi igi pẹlẹbẹ gbá òwú mọ́lẹ̀, ó á fi àtàńpàkò tẹ ojú ibi tí ó gbá láti mọ̀ bóyá ó dì, ó á sì tún un gbá bí àtàńpàkò náà bá rì. Àwọn kan lára iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ ìtagbè tí àwọn Òṣùgbó, tí àwọn mìíràn ń pè ní Ògbóni, ń kọ́ sí èjìká, pẹ̀lú ṣàkì rẹ̀ tí ó yọ síta bí irun. Òwú ni tiwa, òwú kì í sì í dì mọ́ra bí irun àgùntàn bí a tilẹ̀ tẹ̀ ẹ́ títí ilẹ̀ fi ṣú; ìdí nìyí tí kò fi sí ẹni tí ń fi ẹsẹ̀ tẹ aṣọ jẹun ní ilẹ̀ wa. Nígbà tí mo ka ìtàn "wealcere", àtàńpàkò ìyá mi àgbà ni ó wá sí mi lọ́kàn, nítorí pé ohun kan náà ni àwọn méjèèjì ń wá: aṣọ tí ó dì.

Ọ̀nà mìíràn láti mọ̀ pé ìtàn báyìí kì í ṣe àhesọ ni kí a wá orúkọ àwọn ènìyàn wò. Láàrin àwa Ìjẹ̀bú, bí a bá gbọ́ Ọnàbánjọ tàbí Ọnàsànyà, a mọ̀ pé ilé ọlọ́nà ni wọ́n ti ṣẹ̀ wá. Bákan náà ni ìdílé Walker rí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Kì í ṣe pé baba ńlá wọn fẹ́ràn ìrìn, aṣọ ni ó ń tẹ̀. Ní ìhà àríwá ni orúkọ náà ti wọ́pọ̀. Ní gúúsù ìlà-oòrùn, Fuller ni oníṣẹ́ kan náà ń jẹ́, ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn sì rèé, Tucker. Ní Scotland, wọ́n ṣì ń pe iṣẹ́ náà ní "waulk", láyé àtijọ́, àwọn obìnrin ibẹ̀ a sì máa jókòó yí pátákó ká, wọ́n a máa lu aṣọ náà pẹ̀lú orin. Ní Jámánì, "walken" kò túmọ̀ sí rírìn títí di òní. Aṣọ títẹ̀ àti fífún ni, wọ́n sì ń pe "l" rẹ̀.

Ó wá ku ìbéèrè kan: báwo ni ọ̀rọ̀ yíyí àti aṣọ títẹ̀ ṣe di ọ̀rọ̀ ìrìn? Ní àkókò Gẹ̀ẹ́sì agbedeméjì, ní nǹkan bí ọ̀rúndún 13, ni ìtumọ̀ tuntun yìí hàn gbangba nínú ìwé. Àwọn onímọ̀ kan ní láti inú "yí" fúnra rẹ̀ ni: ẹni tí ń yí kiri, tí ń lọ síhìn-ín lọ sọ́hùn-ún, ni a wá ń sọ pé ó ń rìn. Èyí kò ṣòro fún wa láti gbà, nítorí pé àwa náà ń sọ pé ẹnìkan "yí ìlú ká". Àwọn mìíràn ní láti ọ̀dọ̀ ẹsẹ̀ oníṣẹ́ aṣọ ni, tí ó ń gbé ọ̀kan sọ èkejì kalẹ̀ nínú ọpọ́n láti àárọ̀. Èmi fúnra mi fẹ́ràn èkejì, ṣùgbọ́n ìfẹ́ mi kì í ṣe ẹ̀rí. Bí àlàyé méjì bá ní ẹsẹ̀ nílẹ̀, ẹ kọ méjèèjì sílẹ̀, kí ẹ sì sọ èyí tí ẹ gbà àti ìdí rẹ̀.

Àwọn ìbátan, àti ẹni tí kì í ṣe ìbátan

Ọ̀rọ̀ kì í dá nìkan gbé. Àwọn onímọ̀ so "wealcan" mọ́ gbòǹgbò kan tí ó ní ìràwọ̀ lórí, *wel-, tí ó túmọ̀ sí "yí". Látìn ní "volvere", tí ó jẹ́ yí, láti ibẹ̀ ni Gẹ̀ẹ́sì ti gba "revolve" àti "volume". Kíká ni wọ́n ń ká ìwé láyé àtijọ́ bí ẹni ká ẹní, èyí ni ó mú kí ìwé jẹ́ orúkọ yíyí. "Wallow" wà níbẹ̀, tí í ṣe ohun tí ẹlẹ́dẹ̀ ń ṣe nínú ẹrẹ̀. "Waltz" náà wà níbẹ̀, ijó àwọn ará Jámánì tí wọ́n ń yí po. Ẹ kíyè sí i pé nínú gbogbo wọn, ohùn méjì dúró, "w" tàbí "v" níwájú àti "l" lẹ́yìn rẹ̀, ìtumọ̀ yíyí sì wà lára wọn. Ohùn àti ìtumọ̀ gbọ́dọ̀ jọ rìn kí a tó pe ọ̀rọ̀ méjì ní ìbátan.

"Work" wá ńkọ́? "Weorc" ni ní Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, "r" ni ó wà nínú rẹ̀, kì í ṣe "l", láti ìgbà tí a ti ń rí i kà. Ìbátan tirẹ̀ ni "ergon" ti àwọn Gíríìkì, tí ó túmọ̀ sí iṣẹ́, tí "energy" sì ti inú ìdílé rẹ̀ jáde. Ilé méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Etí Yorùbá wa ni ó kó wọn pọ̀ sínú "wọ́ọ̀kì".

Ẹni tí ó bá ṣì ń ṣiyèméjì, kí ó yẹ èdè tirẹ̀ wò. Ẹni tí ń lọ sí ọjà Òke-Àjẹ lẹ́sẹ̀ ń rìn. Ìyá tí ó jókòó ti abọ́, tí ó bó ewùrà, tí ó ń fi ewùrà náà gun ojú agolo tí a dá lu láti se ìkọ́kọrẹ́, ó ń rin ín. Ẹni tí inú rẹ̀ dùn ń rín ẹ̀rín. Rìn, rin, rín: ohùn ni ó yà wọ́n. Àjèjì tí kò gbọ́ àmì ohùn lè wá ìtàn kan tí yóò so mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, pé ìyá náà rìn lọ ra ewùrà, ó rin ín, àwọn ọmọ rẹ̀ sì rẹ́rìn-ín nígbà tí wọ́n jẹ ẹ́ tán. Ìtàn náà á dùn, kò sì ní ní òtítọ́ kankan nínú. Irú rẹ̀ gan-an ni ìtàn oko àti iṣẹ́.

Ọ̀ràn yìí kan orúkọ ìlú wa pẹ̀lú. Mo ti gbọ́ ọ léraléra pé àwọn ará Jébúsì inú Bíbélì ni Ìjẹ̀bú, kìkì nítorí pé orúkọ méjèèjì jọra létí. Ìtàn tí àwọn àgbà Ìjẹ̀bú-Òde ń sọ, pé Ajẹ̀bú àti Olóde ni wọ́n fún ìlú ní orúkọ, ó kéré tán ó ti inú ìlú wá. Èyí tí a gbé karí ìjọra létí nìkan kò yẹ kí a fi kọ́ ọmọ.

Bí ẹ bá ti parí "walk", "go" ni kí ẹ mú tẹ̀ lé e, nítorí pé ohun ìyanu kan wà nínú rẹ̀. "Went" kì í ṣe ọmọ "go" rárá. Ọmọ "wend" ni, ọ̀rọ̀ mìíràn tí ó túmọ̀ sí kí a yà, kí a gba ọ̀nà kan, tí "go" wá gbà ṣe tirẹ̀ nígbà tí èyí tí ó ń lò tẹ́lẹ̀, "ēode", kú. Àwa náà ní ohun tí ó jọ ọ́ díẹ̀: "lọ" lè dá dúró, a lè ní "ó lọ" kí gbólóhùn náà pé, ṣùgbọ́n "rè" kò gbọdọ̀ ṣàìní ibi tí ó ń dojú kọ. "Ó ń rè Ìjẹ̀bú-Igbó" tọ̀nà; "ó ń rè" lásán, ẹni tí ń gbọ́ á máa retí ìyókù.

Bí a bá wá fẹ́ kọ ojú ìwé náà, ọ̀nà tí mo gbà kọ tèmi nìyí. Lókè, mo kọ "walk", pẹ̀lú ìtumọ̀ rẹ̀ lónìí àti ààlà rẹ̀ pẹ̀lú "run". Lábẹ́ rẹ̀ ni "wealcan", yí, Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, ìgbì òkun. Lẹ́yìn náà ni "wealcere", ẹni tí ń tẹ aṣọ, pẹ̀lú Walker, Fuller àti Tucker ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ìrìn ẹsẹ̀, ọ̀rúndún 13, àlàyé méjì. Àwọn ìbátan wà ní apá ọ̀tún. Ní apá òsì, lábẹ́ "kì í ṣe ìbátan", mo kọ "work" pẹ̀lú ìdí rẹ̀. Mo fi ìdámẹ́rin ojú ìwé náà sílẹ̀ nísàlẹ̀ láì kọ nǹkan sí i. Ní ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀ lé e, mo da gbogbo rẹ̀ kọ sórí ìwé mímọ́, mo sì mú un lọ bá bàbá náà nílé, lójú àwa méjì péré. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó sì bi mí bóyá mo ti wá "run" wò.